Lẹ́yìn Ìkómọ: Àtọ̀gbẹ Inú Oyún àti Ìyá Tí Ẹ̀ṣọ́ Ara Rẹ̀ Dojú Kọ Ọ́

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ará ìlú, Ìdóàní, Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Àwọn tó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lónìí fún mi ní orí ọ̀rọ̀ tó gùn: ewu àìsàn tí ara fi ń bá ara jà, lẹ́yìn ìbímọ, lára obìnrin tó ní àtọ̀gbẹ nígbà tó lóyún. Mo tú u wò títí, ìbéèrè kan ni mo bá nínú rẹ̀. Nígbà tí obìnrin bá bímọ tán, tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wálẹ̀, ta ló tún ń wo ìyá yẹn?

Àtọ̀gbẹ kò ṣàjèjì sí wa mọ́. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkùgbé, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó, ṣíwájú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lórí àwọn àìsàn tí kì í ràn, èyí tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1997, nǹkan bí àgbàlagbà 2 nínú 100 ni wọ́n bá a lára wọn. Ní 2018, àwọn dókítà tó kó onírúurú ìwádìí ilẹ̀ yìí pọ̀ rí i pé ó ti sún mọ́ 6 nínú 100. Àwọn tó wà nínú iye yẹn kì í ṣe olówó Èkó nìkan. Àwọn tó ń din gàrí wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣa kòkó náà wà níbẹ̀.

Ti inú oyún ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Oúnjẹ tí a bá jẹ, iyán ni o, ẹ̀bà ni o, ìrẹsì ni o, ara á sọ ọ́ di ṣúgà. Insulin ló ń mú ṣúgà náà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara, níbi tó ti ń di agbára. Pancreas, ẹ̀yà ara kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn ikùn, ló ń ṣe insulin. Bí obìnrin bá lóyún, ibi ọmọ a máa tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá tí kì í jẹ́ kí insulin ríṣẹ́ ṣe dáadáa, kí ṣúgà lè pọ̀ tó fún ọmọ inú. Pancreas ìyá náà á wá tẹra mọ́ṣẹ́, á ṣe ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Obìnrin tí tirẹ̀ kò bá lè ṣe tó, ṣúgà rẹ̀ á ga. Kì í sábà dun ènìyàn, kì í sì í hàn lójú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún aboyún ní omi glucose mu láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún sí ìkejìdínlọ́gbọ̀n, tí wọ́n á wá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ 92 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó mu ún, tàbí 180 lẹ́yìn wákàtí kan, tàbí 153 lẹ́yìn wákàtí méjì, àtọ̀gbẹ inú oyún ni wọ́n á pè é. Ìlànà àjọ WHO nìyẹn láti 2013.

Dókítà kan tó ń jẹ́ Olagbuji àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 2015, lórí aboyún tó lé ní 1,000 ní orílẹ̀-èdè yìí. Òṣùwọ̀n àtijọ́, tí wọ́n ń lò kí ti 2013 yìí tó dé, mú nǹkan bí 4 nínú 100 wọn, ti 2013 mú 8. Ẹ fi ojú inú wo yàrá tí àwọn aboyún ń jókòó sí lọ́jọ́ àyẹ̀wò. Nínú obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó ṣeé ṣe kí méjì wà níbẹ̀ tí wọn ò mọ̀.

Ìtàn kékeré kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì. Ní 1964, dókítà kan ní Boston, John O'Sullivan, àti Claire Mahan, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọ ìṣirò, gbé òṣùwọ̀n kan jáde fún àtọ̀gbẹ inú oyún. Báwo ni wọ́n ṣe mú iye náà? Àwọn ìyá ni wọ́n tẹ̀ lé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìbímọ, láti mọ ẹni tí àtọ̀gbẹ máa padà wá mú. Nítorí ọjọ́ iwájú ìyá ni wọ́n ṣe ní òṣùwọ̀n. Nígbà tó di 2008, ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní HAPO jáde, lórí obìnrin tó lé ní 23,000 ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án. Kò sí ẹyọ kan láti ilẹ̀ Áfíríkà nínú wọn. Barbados ni àwọn tó bá wa tan wà. Ọmọ ni wọ́n wò níbẹ̀: bó ṣe tóbi tó, bóyá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde, bóyá ṣúgà rẹ̀ já wálẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Orí ìyẹn ni WHO gbé òṣùwọ̀n òní lé. N kò bú ìyípadà náà, nítorí ó ti gba ẹ̀mí ọmọ là. Ṣùgbọ́n ojú ti kúrò lára ìyá láti ìgbà náà, a ò sì tíì dá a padà síbẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ibi ọmọ jáde, ṣúgà wálẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, nọ́ọ̀sì ní ó ti lọ, gbogbo ilé dúpẹ́. Ọjọ́ kẹjọ pé, oyin dé, ìrèké dé, orúkọ ọmọ dé. Ìyá ọkọ gbé omi gbígbóná kaná, ó po ẹ̀kọ mímu, ó tú ṣúgà sí i, ọkọ ra páálí máátì kan kí ọmú lè ṣe dáadáa. Kò sẹ́ni tó rántí àyẹ̀wò oṣù mẹ́ta sẹ́yìn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ìwádìí kan tó kó obìnrin tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pọ̀, tí ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2020, fi hàn pé ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ inú oyún rí fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìlọ́po mẹ́wàá ewu ẹlòmíràn láti di alátọ̀gbẹ pátápátá.

Àtọ̀gbẹ tó ń padà wá yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó pọ̀ jù ni èyí tí a mọ̀, tó ń bá ọ̀rá ikùn àti ọjọ́ orí rìn, tí pancreas ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èkejì kéré ní iye, ó sì le ju èyí lọ: ẹ̀ṣọ́ ara ìyá fúnra rẹ̀ ló ń pa ibi tí insulin ti ń jáde. Ní Oulu, lórílẹ̀-èdè Finland, wọ́n tẹ̀ lé 391 obìnrin tó ní àtọ̀gbẹ inú oyún láàárín 1984 sí 1994, fún nǹkan bí ọdún mẹ́tàlélógún. Àtọ̀gbẹ àkọ́kọ́ mú nǹkan bí ìdajì wọn. Èkejì, ti ẹ̀ṣọ́ ara, mú nǹkan bí 6 nínú 100. Ohun tó yẹ ká fi sọ́kàn níbẹ̀ ni pé ti ẹ̀ṣọ́ ara kò dúró de ọjọ́ ogbó. Láàárín ọdún méje àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ ló ti dé, nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Kí ni mo ń pè ní ẹ̀ṣọ́ ara? Ẹ gbà mí láyè kí n fi ìlú ṣàpẹẹrẹ. Ọdẹ ń ṣọ́ ìlú lóru. Àjèjì tó bá wọlé láìtọ́, òun ni kó dojú ìbọn kọ. Bẹ́ẹ̀ ni ara ṣe ní tirẹ̀, tó ń bá kòkòrò ibà, ikọ́ àti egbò jà. Ọjọ́ tí ọdẹ bá ṣi onílé mọ̀ sí olè, àìsàn dé. Bó bá yìnbọn sí pancreas, àtọ̀gbẹ ni. Bó bá yìnbọn sí oríkèé ara, làkúrègbé ni. Bó bá yìn ín sí ọrùn, níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ, tí wọ́n ń pè ní thyroid, ọkàn á máa sáré tàbí ara á tutù bí ẹni tí kò sí láyé. Ẹ̀ṣọ́ yìí máa ń fi àmì sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kó tó ṣọṣẹ́ tán, antibody ni wọ́n ń pè é. Ní Jámánì, àwọn dókítà wá àmì náà lára àwọn tó ní àtọ̀gbẹ inú oyún, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde ní 1997. Nínú 100 ìyá tó ní àmì náà, nǹkan bí 29 ti di alátọ̀gbẹ ti ẹ̀ṣọ́ ara kí ọdún méjì tó pé lẹ́yìn ìbímọ. Nínú 100 tí kò ní, 2.

Ìbéèrè tí mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn yín ni: kí ló dé tó jẹ́ lẹ́yìn ìbímọ? Ìdí ni pé ọmọ inú kì í ṣe ti ìyá nìkan, ìdajì rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ bàbá wá. Kí ara má bàa lé e jáde, àwọn èròjà oyún a máa rọ ẹ̀ṣọ́ lójú. Ní 1938, Philip Hench ti Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé àwọn obìnrin tí làkúrègbé ń bá jà a máa rí ìsinmi nígbà oyún, ó sì máa ń padà lẹ́yìn ìbímọ. Bí ibi ọmọ bá ti jáde, èròjà tó ń pa ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu mọ́ já wálẹ̀, ẹ̀ṣọ́ sì jí pẹ̀lú ìbínú. Oṣù méjìlá àkọ́kọ́ ló le jù. Àkókò náà gan-an ni a kì í wo ìyá.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé dáadáa pé irú àìsàn báyìí kì í ṣe ti aláwọ̀ dúdú. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá kò jìnnà sí wa rárá, Ìbàdàn ni. Ní 1968, ọ̀dọ́mọdé dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH, Brian Greenwood, kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet pé nígbà tí òun yẹ àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn tí wọ́n gbà síbẹ̀ wò, àwọn tó ní àìsàn ẹ̀ṣọ́ ara kéré gan-an. Ó rò pé ibà àti àwọn kòkòrò tó ń gbé inú ara wa ló ń fún ẹ̀ṣọ́ níṣẹ́ ṣe, tí kò fi ráyè bá onílé jà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi ibà sára eku tí wọ́n mọ̀ pé àìsàn náà máa ń pa, àìsàn náà sì fà sẹ́yìn. Ọgbọ́n ńlá ni. Títí dòní ni wọ́n ń fi iṣẹ́ náà kọ́ni, Greenwood sì wá di ọ̀kan nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ jù lọ lórí ibà ní Gambia.

Ṣùgbọ́n ohun tó kọ yàtọ̀ sí ohun tí a fi sọ. Kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ wa kọ̀ ọ́. Ní 2001, wọ́n ka iye àwọn obìnrin tó ní lupus, ọ̀kan nínú àwọn àìsàn ẹ̀ṣọ́ ara tó burú jù, ní gúúsù London, níbi tí àwọn ọmọ wa kún fọ́fọ́. Nínú 100,000 obìnrin aláwọ̀ funfun, 35 ló ní in. Nínú 100,000 àwọn tó ṣí wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 110. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ti ẹni tó wà ní Peckham, ní gúúsù London, àti ti àbúrò rẹ̀ tó wà ní Ìdóàní. Nígbà tí ọmọ wa dé ibi tí kò sí ibà, tí dókítà tó mọ àìsàn náà wà nítòsí, ni a rí i kedere. Èrò tèmi ni pé méjèèjì ló lọ́wọ́ sí i: ibà ń dáàbò bò wá díẹ̀, àìṣàyẹ̀wò sì ń fi púpọ̀ pamọ́. Ẹni tó bá kú nílé wa tí wọ́n ní ayé ló ṣe é, kò sí nínú àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, báwo ni a ṣe máa dá ìyá náà mọ̀? Lọ́pọ̀ ìgbà, obìnrin tínrín ni. Ọ̀dọ́ ni. Kò sanra, ẹnikẹ́ni kò lè rò pé ó ní ṣúgà. Nígbà oyún, dídín oúnjẹ kù kò tó fún un, insulin ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn ìbímọ, gbogbo ènìyàn ń retí kó sanra, ó ń gbẹ. Wọ́n á ní ọmọ ń fà á lọ́mú jù. Ó ń mu omi kẹ̀ẹ́kẹ̀ẹ̀kẹ́, ó ń dìde tọ̀ lóru, wọ́n á ní ọmú ló ń mú òǹgbẹ wá. Bó bá pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí bì, inú ń dùn ún, ó ń mí jìn, ó ń mí kíákíá, èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti rà. Ní báyìí ó ti di ọ̀rọ̀ wákàtí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni èyí tí a máa ń ṣe nírú àkókò yìí: a ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni, a gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, wọ́n fi dírípù fún un kí okun lè padà. Ọ̀pọ̀ dírípù tí wọ́n ń fún aláìlókun, omi ṣúgà ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ṣúgà ń pa ni wọ́n ń da ṣúgà sí lára. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n tó fa dírípù fún ìyá ọlọ́mọ tuntun, kí wọ́n kọ́kọ́ gún ìka rẹ̀ wò. Kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Àṣìṣe kan tún wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gan-an máa ń ṣe. Bí wọ́n bá rí àtọ̀gbẹ lára irú obìnrin yìí, oògùn oníhóró tí gbogbo ènìyàn ń lò ni wọ́n máa ń kọ fún un, wọ́n á sì bá a wí pé ó jẹ iyán jù. Oògùn oníhóró kò lè ṣiṣẹ́ insulin tí kò sí. Insulin ló nílò, ìyà oúnjẹ kọ́. Bí ṣúgà ìyá tó tínrín kò bá gbọ́ oògùn, tàbí tó ń rù lójoojúmọ́, Federal Medical Centre ní Ọ̀wọ̀ ló yẹ kó wà. Ilé ìwòsàn tó ń kojú ibà Lassa lọ́dọọdún mọ iṣẹ́ pàjáwìrì. Mo mọ̀ pé ọ̀nà wa kì í ṣe èyí tí ènìyàn fẹ́ gbà lóru. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má jẹ́ kó di òru. Àyẹ̀wò antibody gan-an, àwọn ilé ìwòsàn ńlá ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, kò pọn dandan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ojú tó ríran ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Ti ọrùn ńkọ́? Nǹkan bí ìyá 5 nínú 100 ni ẹ̀ṣọ́ ara máa ń bá thyroid wọn jà láàárín ọdún kan lẹ́yìn ìbímọ. Lára ẹni tí ẹ̀ṣọ́ ara ti ba pancreas rẹ̀ jẹ́, ewu náà tó ìlọ́po mẹ́ta, nítorí ẹ̀ṣọ́ tó ṣìnà lẹ́ẹ̀kan kì í sábà dúró síbẹ̀. Láàárín oṣù kìíní sí ìkẹrin, ọkàn ìyá ń sáré, ọwọ́ ń gbọ̀n, kò lè sùn kódà bí ọmọ sùn, inú ń bí i sí gbogbo ènìyàn. Láti oṣù kẹrin sí ìkẹjọ, ó yí padà: òtútù ń mú un, irun ń já, kò lókun, ó ń sunkún láìnídìí. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, abísínwín ti ń bọ̀ nìyẹn, wọ́n á sì gbé e lọ sórí òkè àdúrà. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá gbà ní ilé ìwòsàn á sọ bóyá ọrùn ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń san láàárín ọdún kan. Àwọn mìíràn á máa lo oògùn kékeré kan lójoojúmọ́, wọ́n á sì máa bá ayé wọn lọ.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ bí a ṣe ń ṣètò fún aboyún. Ní 2009 ni ìjọba Dókítà Olúṣẹ́gun Mímikò bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́, kó tó tàn káàkiri. Nígbà tó yá wọ́n ṣe Agbébíyè, kí àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ lè máa fi aboyún ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Ètò tó mọ ọ̀nà ilé aboyún yẹ kó lè mọ ọ̀nà ilé ìyá ọlọ́mọ. Kò sì pọn dandan kí á dúró de owó tuntun. Nínú ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìyá á gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìyá tí kì í wá ṣe àyẹ̀wò ara rẹ̀ á wá nítorí ọmọ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí a dá a dúró. Kí àwọn nọ́ọ̀sì fi bírò pupa kọ ọ́ sára káàdì ọmọ pé ìyá yìí ní àtọ̀gbẹ inú oyún. Kó wá láìjẹun láti alẹ́ àná. Kó fún ọmọ lọ́mú bó ṣe fẹ́. Kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó mu omi glucose, kí wọ́n sì tún gbà á lẹ́yìn wákàtí méjì. Bí ti àkọ́kọ́, kó tó mu ún, bá tó 126 tàbí ti wákàtí méjì tó 200, àtọ̀gbẹ ni. Kí wọ́n má fi àyẹ̀wò oṣù mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń pè ní HbA1c, rọ́pò rẹ̀ ní àkókò yẹn: ẹ̀jẹ̀ tó dànù nígbà ìbímọ lè mú kó parọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, kó tún wá lọ́dọọdún, àti kó tó lóyún mìíràn.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ má fi máátì àti ṣúgà tọ́jú aya ọmọ yín tó ní àtọ̀gbẹ inú oyún. Omi, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹ̀kọ tí kò ní ṣúgà ń fún un lọ́mú tó pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ kó fún ọmọ lọ́mú fún ìgbà pípẹ́. Ìwádìí Jámánì kan tó jáde ní 2012 fi hàn pé fífún ọmọ lọ́mú ju oṣù mẹ́ta lọ ń lé àtọ̀gbẹ ọjọ́ iwájú sẹ́yìn gan-an. Àwọn tí kò ní antibody ló jàǹfààní yẹn. Ọmú dára fún gbogbo ìyá, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹ̀ṣọ́ tó ti ṣìnà padà, nítorí náà ẹ má fi ọmú rọ́pò àyẹ̀wò.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ń ṣètò ìlera: nínú ìlú yìí, àwọn ìyá àgbà kan wà tó jẹ́ Iyayu ni wọ́n ń sọ lójú ilé, Yorùbá ni wọ́n ń sọ lọ́jà. Ìyá àgbà náà ló ń tọ́jú ìyá ọlọ́mọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ ilé, ẹ wá ẹni tó máa sọ ọ́ fún un ní èdè tó fi ń gbé omi kaná.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín kéré. Bí ìyàwó yín bá ní àtọ̀gbẹ nígbà tó lóyún, ẹ kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà sílẹ̀, ẹ fi owó ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò lé e lọ́wọ́, kí ẹ sì bi í lálẹ́ ọjọ́ náà iye tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.